Ọkọ̀ Òkun Tí Ojú Wa Ò Tó Mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí òkun. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ kan omi iyọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, á gba Ọ̀yọ́, á gba Ìbàdàn, á la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kọjá, kó tó gbọ́ ariwo ìgbì. Àwọn àgbàlagbà wà ní àdúgbò wa tí wọn ò fojú kan òkun rí, tí kò sì dí wọn lọ́wọ́ ohunkóhun. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ohun tó yí ayé àwọn ará ìlú mi padà jù lọ láti bíi igba ọdún sẹ́yìn, ọkọ̀ òkun ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ, ṣáájú rélùwéè, ṣáájú mọ́tò, ṣáájú iná mànàmáná pàápàá.

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń jẹ mí lọ́kàn ó pẹ́. Bí mo bá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé níbo ni ọ̀kadà tó gbé wọn wá sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ti wá, "Èkó!" ni wọ́n á jọ pariwo. Bí mo bá tún bi wọ́n pé báwo ló ṣe dé Èkó, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ òkun ṣì kéré, agboolé tí kò mọ ẹni tó gbé lọ tàbí ẹni tó gbé dé kò pọ̀. Nísinsìnyí tó ti tóbi kọjá àfẹnusọ, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń wọ̀, tí à ń gùn, tí à ń fi ṣiṣẹ́ ń ti inú rẹ̀ jáde, ó ti kúrò lẹ́nu wa. Ó ń dùn mí. Mo sì gbà pé ó ń pa wá lára.

Òṣoògùn ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ níhìn-ín náà ni. Ní 1821, ogun ya wọ ìlú yẹn láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n sì kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n pín wọn níyà, wọ́n ń ti ọwọ́ ẹnì kan tà á sí ọwọ́ ẹlòmíràn, títí ó fi dé etí ọ̀sà. Àjàyí yìí ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìtàn ọ̀hún sílẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé òun sọdá sí Èkó, kò sí ohun tó ba òun lẹ́rù tó omi gbalasa tí òun rí níwájú. Ọmọ ilẹ̀ òkè ni. Odò tí èèyàn lè wọ́ kọjá ló mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbé. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n gbé e ka orí àpò àgbàdo, ojú kan náà ló sì wà láìmira, títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Èkó ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí.

Mo máa ń sọ apá ibẹ̀ yẹn fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì ju ibòmíràn lọ. Ọmọ tó bá ti ń gbọ́ orúkọ Crowther láti kékeré, bíṣọ́ọ̀bù aláṣọ gígùn tó túmọ̀ Bíbélì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo fẹ́ kó rí ọmọ Òṣoògùn tí kò tó ẹni tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, tí wọ́n gbé ka orí àgbàdo, tí kò lè mira nítorí omi.

Ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ àwọn ará Pọtogí, wọ́n jẹ́ 187 nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wọkọ̀ náà gan-an, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì lé ọkọ̀ náà bá, wọ́n gbà á, wọ́n sì kó àwọn ẹrú lọ sí Freetown, torí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láti 1807. Ọkọ̀ tó kó Àjàyí lẹ́rú, igi ni wọ́n fi kàn án, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e rìn. Ká ní wọn ò gbà á ni, ó ṣeé ṣe kó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà lójú òkun kó tó dé Bùràsíìlì, àwọn èèyàn wa ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, nínú òkùnkùn àti oorú.

Òótọ́ kan sì wà tí n kì í fò. Àwọn òyìnbó kọ́ ló wọ igbó wá mú wa. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, Àjàṣẹ́ tí ayé ń pè ní Porto-Novo lónìí jẹ́ ojú ọjà pàtàkì fún Ọ̀yọ́ létí òkun, ẹrú sì wà lára ọjà tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ. Ọba wa mọ̀, àwọn ìjòyè wa mọ̀, wọ́n jẹ níbẹ̀. Ọ̀yọ́ tó jìnnà sí òkun mọ ọkọ̀ òkun dáadáa nígbà yẹn, ó mọ ohun tí ọkọ̀ náà ń fẹ́, ó mọ ohun tó ń san. Èmi ò lè kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìtàn ọkọ̀ kí n fi èyí pamọ́ fún un.

Àwọn ọmọ a máa bi mí pé báwo gan-an ni ọkọ̀ onígi tí kò ní ẹ́ńjìnnì ṣe ń rìn láti Pọtogí dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbéèrè tó dùn ún dáhùn ni. Lílọ ò le. Bíbọ̀ ló le. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ létí ìwọ̀ oòrùn Áfríkà, láti àríwá ló ń bọ̀, ìṣàn omi òkun náà sì ń darí sí gúúsù níbẹ̀. Tí èèyàn bá ta ìgbòkun, afẹ́fẹ́ á gbé e wá fúnra rẹ̀. Báwo ló ṣe máa padà sílé? Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ibi tí wọ́n ń pè ní Cape Bojador, létí aṣálẹ̀ Sàhárà, fi ba àwọn atukọ̀ Yúróòpù títí di 1434 tí Gil Eanes kọjá rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n rí ọgbọ́n rẹ̀ dá: tí wọ́n bá fẹ́ padà, wọn ò ní rìn létí ilẹ̀. Wọ́n á yà sí ìwọ̀ oòrùn, sí àárín agbami níbi tí ilẹ̀ kankan ò sí lójú, títí wọ́n á fi bá afẹ́fẹ́ mìíràn pàdé tó ń fẹ́ lọ sí Yúróòpù. Kí èèyàn kọ̀yìn sí ilẹ̀ kó lè dé ilé, ìgboyà wà nínú ìyẹn, ohun búburú yòówù kí wọ́n padà lò ó fún.

Fún ìgbà pípẹ́, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà gan-an lórí omi. Oòrùn àti ìràwọ̀ lè sọ fún wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó. Èyí tó kù, ìyẹn bí wọ́n ṣe lọ sápá ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn tó, ìfojúbù ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ forí sọ àpáta nítorí rẹ̀. Aago ló yanjú ẹ̀. Ayé ń yí ní dígíríì 15 ní wákàtí kan. Bí mo bá gbé aago tó ń sọ àsìkò ilé dání, tí mo sì fi oòrùn mọ ìgbà tí ọ̀sán gangan bá kàn níbi tí mo wà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì á sọ fún mi bí mo ṣe jìnnà sílé tó. Ṣùgbọ́n aago ìgbà náà ò lè tọ́ lórí ọkọ̀ tó ń mì. John Harrison, káfíńtà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe èyí tó lè tọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Jàmáíkà ní 1761 láti dán an wò. Ó tọ́. Lónìí fóònù ọmọ kíláàsì mi ń gba iṣẹ́ kan náà lọ́wọ́ sátẹ́láìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kò sì mọ̀ pé ẹnì kan fi ayé rẹ̀ wá a.

Ìgbà tí ẹ̀rọ onísítíìmù dé ni gbogbo rẹ̀ yí padà, torí pé ọkọ̀ ò dúró de afẹ́fẹ́ mọ́. Fún wa, ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa rẹ̀ ni pé ọkọ̀ lè gun odò wá sókè lòdì sí ìṣàn omi. Ní 1832 Macgregor Laird kó ọkọ̀ méjì wọ Odò Ọya, Quorra àti Alburkah. Irin ni wọ́n fi kan Alburkah, òun sì ni ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ tó rìnrìn àjò lójú agbami òkun. Àwọn òyìnbó 48 ló bá ìrìn àjò náà lọ. Mẹ́sàn-án péré ló yè é. Ibà ló pọ̀ jù nínú ohun tó pa wọ́n. Ẹ̀rọ ti yanjú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, kò yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Ní 1854 ni ọkọ̀ Pleiad gun odò kan náà lábẹ́ Dókítà Baikie, tó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́, kò sì sí òyìnbó kan tó kú nínú wọn. Crowther wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ọmọ tí kò lè mira lórí àpò àgbàdo ti di ẹni tó ń bá wọn gun odò.

Ní 1857 wọ́n tún padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Dayspring. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ pàgọ́ setí odò níbẹ̀ fún bíi ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn tó wá kó wọn. Ọ̀kan nínú wọn, John Glover, ẹsẹ̀ ló fi la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó láti lọ wá ohun èèlò; òun náà ló padà wá jẹ gómìnà Èkó. Jẹ́bà ò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ gba Ìlọrin lọ sí òkè ọya, tó dé orí afárá Jẹ́bà, kó bojú wo omi: ibẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ òyìnbó sún mọ́ wa dé. Nígbà yẹn iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí T. J. Bowen, ará Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, ti dé ọ̀dọ̀ wa ní 1855. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ òkun ti wà lára ìtàn ìjọ, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ìlú wa, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Láti 1852 ni ilé iṣẹ́ Laird ti ń fi ọkọ̀ onísítíìmù gbé lẹ́tà àti èrò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etí òkun wa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ò lè wọ Èkó. Òkìtì yanrìn wà lẹ́nu ọ̀sà lábẹ́ omi, ìgbì sì ń fọ́ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá á dúró lókèèrè, wọ́n á fi okùn so àga onígi tó fẹ̀, èèyàn bíi mẹ́rin á jókòó sínú rẹ̀, wọ́n á gbé wọn sókè, wọ́n á sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń jó lórí ìgbì. Ẹrù náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n kó òkúta sínú òkun láti mọ ògiri sí ẹnu ọ̀sà, tí wọ́n sì gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, ni ọkọ̀ lẹ́tà ńlá wá rí ọ̀nà wọ Èkó ní 1914.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí gbogbo agboolé ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ̀n. Wọ́n ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Ọkọ̀ Aureol ló gbé wọn wálé láyé òṣèlú àkọ́kọ́. Àpótí onírin dúdú tí wọ́n gbé bọ̀ ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn: idẹ há a ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ wọn sí ìdérí, wọ́n kọ Liverpool àti Lagos sábẹ́ rẹ̀. Ìwé pélébé kan tún lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ti pọ́n, tó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pé olówó ẹrù kò ní nílò rẹ̀ títí wọ́n á fi gúnlẹ̀, kí wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí a bá ṣí àpótí náà, òórùn káńfọ̀ ṣì ń jáde.

Aureol funfun báláú. Glasgow ni wọ́n ti kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ ní 1951. Bíi ọjọ́ 13 ló ń lò láti Liverpool dé Èkó, á yà ní Las Palmas, ní Freetown, ní etí òkun Gánà. Bàbá Lọ́ńdọ̀n sọ fún wa pé òkun ilẹ̀ Faransé ló burú jù, pé ọjọ́ méjì ni àwọn ò lè gbé nǹkan kan mì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní lẹ́yìn Las Palmas, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àwọn èèyàn ń bọ́ kóòtù òtútù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin ń yọ ìró àti gèlè jáde. Ará Gánà, ará Sàró, Íbò, Yorùbá, gbogbo wọn ń jẹun lórí tábìlì kan náà, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. "Ọmọ mi," wọ́n á ní, "kí a tó dé Freetown, mo ti ń ronú ní Yorùbá padà."

Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò bá ti wọ bàálù wálé?" Wọ́n ní owó bàálù wọ́n nígbà náà, àti pé ta ló máa gbé àpótí yìí fáwọn? Wọ́n wá fi kún un pé ọjọ́ 13 yẹn ṣe àwọn láǹfààní, torí ẹni tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó ní ohun púpọ̀ tó gbọ́dọ̀ tò lọ́kàn kó tó kojú ìyá rẹ̀. Lónìí wákàtí bíi mẹ́fà ni bàálù ń lò láti Lọ́ńdọ̀n sí Èkó. Èèyàn á jẹun alẹ́ lọ́hùn-ún, á jẹ àkàrà níhìn-ín láàárọ̀. N ò ní sọ pé kí ayé padà sẹ́yìn; ìyá tó ń retí ọmọ kò ní fẹ́ kó pẹ́ lójú omi. Ṣùgbọ́n ohun kan lọ pẹ̀lú ìrìn àjò yẹn tí bàálù ò lè dá padà: àwọn èèyàn ìwọ̀ oòrùn Áfríkà tí wọ́n jọ jókòó pọ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì láìníṣẹ́ méjì ju kí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ.

Ní 1974 Aureol fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n tà á, ó lọ di ilé gbígbé lórí omi ní Jẹ́dà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó fà á lọ sí Alang ní Íńdíà lọ tú u palẹ̀ ní 2001. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ èrò tó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sọ́dọ̀ wa déédéé tán.

A gbìyànjú láti ní tiwa. Ní 1959 ìjọba dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Nàìjíríà sílẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Dan Fodio, King Jaja, Oduduwa, ó sì ń gbé kòkó, ẹ̀pà àti epo pupa wa lọ sílùú òyìnbó lábẹ́ àsíá wa. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń di ọ̀gá nínú rẹ̀. Ní 1995, wọ́n pa á rẹ́. Gbèsè àti àìbójútó ló pa á. Mo máa ń bínú nígbàkigbà tí mo bá dé ibẹ̀ nínú ẹ̀kọ́, n kì í sì í fi pamọ́ fún àwọn ọmọ: ìlú tó ní etí òkun gbọọrọ báyìí, tó ní ọjà tó ń gbé lọ tó sì ń gbé wá, ń san owó ọkọ̀ fún ẹlòmíràn ní gbogbo ọjọ́.

Ohun tó mú kí ọkọ̀ kúrò lójú wa pátápátá ni kọ̀ńténà. Kí ó tó dé, ọkọ̀ kan lè wà ní wáàfù fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí alágbàṣe ń fi èjìká àti okùn kó ẹrù rẹ̀ ní àpò kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹrin 1956, Malcom McLean, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù, to àpótí onírin 58 sórí ọkọ̀ Ideal X láti Newark lọ sí Houston. Èrò rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n má tú ẹrù mọ́, àpótí kan náà ni kó ti orí tírélà bọ́ sórí ọkọ̀, kó tún ti orí ọkọ̀ bọ́ sórí tírélà. Owó ìkẹ́rù tọ́ọ̀nù kan tó lé ní dọ́là márùn-ún tẹ́lẹ̀ wálẹ̀ kò tó sẹ́ǹtì 20. Nítorí ìyẹn ni aṣọ tí wọ́n rán ní Ṣáínà ṣe lè wà ní ọjà Tákíè ní iye tí télọ̀ wa ò lè bá du. Wáàfù wá di ibi olódi, jìnnà sí ìgboro, kò sí ẹni tó ń lọ dúró de ọkọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Kajú ló mú kí n rí i lójú ara mi pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Láti bí oṣù kejì ọdún ni kajú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú láti àwọn oko agbègbè wa. Ìyá kan wà tí wọ́n ń rà á jọ ní ọgbà kan lójú ọ̀nà, mo máa ń dúró kí wọn. Wọ́n á sá a sórí tapólì, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ yí i, ọwọ́ wọn á mú hóró mélòó kan, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á sí méjì láti wo inú rẹ̀. Funfun, ó dára. Tó bá ti ní àmì dúdú, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á wá dì í sínú àpò ìdọ̀họ, tírélà á gbé e lọ. Kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú kọ̀ńténà, wọ́n á fi ìwé nípọn bo ògiri rẹ̀ nínú, wọ́n á gbé ohun tó ń fa omi kọ́ sókè, torí bí kọ̀ńténà bá kúrò nínú oorú bọ́ sínú òtútù lójú òkun, orùlé rẹ̀ á làágùn, omi á máa kán sórí kajú, á hu funfun.

Vietnam àti Íńdíà ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Éṣíà, ìsàlẹ̀ Áfríkà ni wọ́n ń gbà, wọ́n á yí gúúsù ká, ọ̀nà kan náà tí Vasco da Gama gbà dé Íńdíà ní 1498. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí: kajú fúnra rẹ̀, àwọn Pọtogí ló ti Bùràsíìlì gbé e wá sí Áfríkà àti Íńdíà.

"Tíṣà," ìyá náà bi mí, "ọkọ̀ tó ń gbé e lọ yìí, báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ìyá, èyí tó tóbi jù láyé gùn tó mítà 400. Ẹ to pápá bọ́ọ̀lù bíi mẹ́rin síra wọn lóròó. Ó lè gbé kọ̀ńténà kéékèèké tó lé ní 24,000. Àmọ́ àwọn yẹn ò lè wọ Àpápá, omi ibẹ̀ ò jìn tó."

"Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un sọ.

Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìyípadà yìí. Ọkọ̀ tó kó Àjàyí kéré, èèyàn 187 ló há sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn atukọ̀. Aureol gbé èrò tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Èyí tó tóbi jù gbogbo wọn lọ, èèyàn inú rẹ̀ ò tó kíláàsì mi kan. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Fílípìnì, Íńdíà, Indonéṣíà. Wọ́n lè lo oṣù mẹ́sàn-án láìfojú kan ilé. Ó lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń rà lọ́wọ́ ara wọn tó ń gba orí òkun, tí a bá ń wò ó bó ṣe pọ̀ tó. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń gbé e fún gbogbo ayé. Nígbà tí Ever Given há sí ojú omi Suez fún ọjọ́ mẹ́fà ní oṣù kẹta 2021, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fúnra wọn mú àwòrán ọkọ̀ òkun wá bá mi.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ ká jí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ òkun. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá á rí àmì róbótó kan tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí omi bá bo ìlà náà, ẹrù ti pọ̀ jù, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gbéra. Samuel Plimsoll, aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jà fún un títí ó fi di òfin ní 1876, torí àwọn olówó ọkọ̀ ń di ẹrù àdìjù, àwọn atukọ̀ ń kú. Lẹ́yìn tí Titanic rì ní 1912, tí bíi 1,500 èèyàn ṣègbé torí pé ọkọ̀ ìsádi ò lè gbà ju bíi ìdajì àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé pọ̀, wọ́n ṣòfin lórí ààbò. Kọ̀ńténà kan náà tó wà lábẹ́ gbogbo òfin yìí lójú òkun, bó bá ti bọ́ sórí tírélà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, òfin náà dúró sí wáàfù. Àwọn kan ò há a mọ́ orí tírélà rárá. A ti sin èèyàn nítorí rẹ̀. Ohun tó gba òkun já láìfarapa ló ń pa wá nílẹ̀, mi ò sì rí ìdí tí ìlà Plimsoll kan ò fi lè wà fún tírélà.

Ìyípadà mìíràn tún ti ń bọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020, wọ́n ti dín sọ́fọ̀ tó wà nínú epo ọkọ̀ òkun kù láti ìdá 3.5 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn orílẹ̀-èdè sì ti fẹnu kò ní 2023 pé tó bá fi máa di bíi 2050, èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ láti inú ọkọ̀ òkun gbọ́dọ̀ tán, tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà mú ìyókù kúrò. Ní oṣù kẹjọ 2023, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Pyxis Ocean gbéra pẹ̀lú ìgbòkun méjì tí wọ́n fi ohun líle ṣe, tó ga fíofío, tí kọ̀ǹpútà ń yí sí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́. Ó ṣì ní ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń bá a gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Inú mi dùn sí i, torí ojú ọjọ́ tó ń yí padà ti ń kan kajú náà: òjò tó bá rọ̀ nígbà tí òdòdó rẹ̀ ń tanná máa ń bà á jẹ́.

Àmọ́ epo tuntun àti ìgbòkun tuntun, owó ni. Owó ọkọ̀ tó bá sì wọ́n, oníbàárà Vietnam kọ́ ló máa kọ́kọ́ san án; á yọ ọ́ kúrò nínú iye tó ń ra kajú ní Èkó, ti Èkó á yọ ọ́ kúrò nínú ti Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ògbómọ̀ṣọ́ á yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ìyá yẹn ti ń tà, ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ ni pé "ọjà ti wálẹ̀." Wọn ò bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ló fà á.

Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi oníbàárà wọn: èló ni ọkọ̀ ń gbà lórí kọ̀ńténà kan láti Èkó sí Vietnam? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú iye tí wọ́n ra kajú lọ́dún náà, kí wọ́n fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní yunifásítì ló ra ìwé fún wọn. Lákòókò kajú tó kọjá, oníbàárà ọ̀hún kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni Màmá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ṣe. Wọ́n ní kó ṣáà sọ. Ó sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n wá bi í ní èkejì: ta ló ni ọkọ̀ náà?